Ẹgàn Ni Tàbí Ahoro? Ìtàn Igbó Okomu

Ní àríwá ìlú Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè South Africa, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Fourways, èyí tí Yorùbá ìbá pè ní Oríta Mẹ́rin. Ẹni tí ó bá gbéra níbẹ̀ tí ó ń wakọ̀ lọ sí àárín ìlú, abẹ́ igi ni yóò máa gbà fún ọ̀nà jíjìn. Igi ṣíji bo títì, igi yọrí lókè òrùlé, títí àlejò yóò fi rò pé inú igbó ńlá kan ni wọ́n ti la ìlú náà jáde. Àwọn ará ibẹ̀ a sì máa yangàn pé nínú gbogbo igbó tí ọwọ́ ènìyàn gbìn sí àárín ìlú, tiwọn ni ó tóbi jù lọ láyé. Ìyangàn ni ìyangàn ń jẹ́. Kò sí ẹni tí ó tíì ka igi gbogbo ìlú ayé tán.

Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọdún 1886, nígbà tí a rí wúrà níbẹ̀, pápá koríko ni gbogbo òkè náà, igi kò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Wúrà náà jìn nínú ilẹ̀, ihò tí a gbẹ́ láti wà á kò sì lè dúró láìsí òpó. Nítorí òpó yìí ni wọ́n ṣe mú igi yúkàlípítọ́ọ̀sì wá láti Australia, igi tí ń yára dàgbà tí ó sì ń nà ró ṣánṣán. Ilé-iṣẹ́ Eckstein, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ olówó tí ń wa wúrà nígbà náà, ní oko igi ńlá kan tí a fi orúkọ igbó kan ní ilẹ̀ Jámánì pè, èyíinì ni Sachsenwald. Orúkọ yìí ni ó di Saxonwold, àdúgbò àwọn ọlọ́lá títí di òní. Igi jakaranda tí òdòdó rẹ̀ ń tàn bí aṣọ àlùkò ní ojú títì, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Igbó tí ó dà bí ẹni pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò tíì pé 150 ọdún.

Ìtàn náà kò sì parí síbẹ̀. Ní ọdún 1963, ọ̀mọ̀wé kan tí í máa wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́, Revil Mason, tú ilẹ̀ òkè kan ní Melville, nínú Johannesburg kan náà, ó sì bá ìléru tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ń yọ́ irin níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Kì í ṣe igi nìkan, nígbà náà, ni ó ń tan ojú jẹ. Pápá tí kò ní igi pàápàá, èyí tí àwọn awawúrà rò pé ẹnikẹ́ni kò gbé rí, ti ní alágbẹ̀dẹ tirẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Irú àṣìṣe ojú bẹ́ẹ̀ wà ní ìtòsí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbin igi kan, tí àwọn igi náà sì ga ju ohunkóhun tí Johannesburg ní lọ. Igbó Okomu ni a ń sọ.

Okomu wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Ìbíní, ní ìpínlẹ̀ Edo, kò sì jìnnà sí ààlà ìpínlẹ̀ Ondo. Títí di ọdún 1963 tí a dá ẹkùn Mid-West sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni ó wà, gẹ́gẹ́ bí igbó Ìjẹ̀bú àti igbó Ondo ti wà. Odò Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣàn gba ìhà Ọ̀wọ̀ kọjá, òun kan náà ni ó sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀bá igbó yìí, tí àwọn Ẹdó sì ń pè é ní Ovia. Láti ọdún 1999 ni Okomu ti di ọ̀kan nínú àwọn ọgbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yà sọ́tọ̀ fún igi àti ẹranko, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí kí ó dọdẹ nínú rẹ̀. Nǹkan bí 200 kìlómítà onígun mẹ́rin ni.

Àwọn tí ó bá lọ wò ó kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá ti wọlé tán, òtútù yóò bá a, ìmọ́lẹ̀ yóò sì dín kù bí ẹni pé oòrùn ti fẹ́ wọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Àwọn igi àràbà dúró níbẹ̀ tí gbòǹgbò wọn ta jáde bí ògiri, tí ó ga ju ènìyàn lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn mẹ́ta lè fara pamọ́ sí àárín gbòǹgbò méjì. Ẹ̀ka kìíní wọn wà ní òkè réré, ní ibi tí òwe pé a kì í dúró nílẹ̀ ká orí igi ti hàn gbangba. Lórí ọ̀kan nínú àwọn àràbà yìí ni wọ́n kọ́ àtíbàbà kan sí, tí wọ́n fi àkàbà mọ ara igi náà, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbọ̀n lè gòkè lọ wo orí igbó bí ẹyẹ ti ń wò ó. Erin díẹ̀ ṣì wà nínú igbó náà, ọ̀bọ kan tí ọ̀fun rẹ̀ funfun sì ń bẹ níbẹ̀ tí a kò lè rí ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn láyé. Ọ̀rọ̀ tí ó sì máa ń jáde lẹ́nu olùbẹ̀wò ni pé báyìí ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá a, ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún irú igbó tí olùbẹ̀wò náà ní lọ́kàn. Ẹgàn ni: igbó kìjikìji tí a kò tíì dá oko sí, tí àdá kò tíì wọ̀. Ṣùgbọ́n èdè náà ní ọ̀rọ̀ kejì tí kò yẹ kí a pa mọ́ ìkíní, èyíinì ni ahoro: ibi tí ènìyàn ti gbé rí, tí wọ́n fi sílẹ̀, tí igbó sì gbà. Àgbẹ̀ àti ọdẹ a máa mọ ahoro bí ọ̀pọ̀ ọdún tilẹ̀ ti kọjá. Wọn a rí pèrègún tí ó dá dúró níbi tí kò yẹ, wọn a rí akòko tàbí ọ̀pẹ tí ó pọ̀ jù fún inú igbó, wọn a sì fi ẹsẹ̀ kọ àpáàdì. Ìbéèrè tí ó wà lórí Okomu láti nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn ni pé nínú méjèèjì, èwo ni?

Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ìbéèrè náà le ni E. W. Jones, onímọ̀ igi láti Yunifásítì Oxford. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni iṣẹ́ rẹ̀ gbé e dé Okomu, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1955 àti 1956. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ òpìtàn. Ó ń ka igi ni: iye tí ó wà nínú ilẹ̀ tí a wọ̀n, bí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó, àti irú èyí tí ó jẹ́. Ibi ìkà yìí ni ohun àjèjì kan ti yọjú. Nínú àwọn igi tí ó ga jù lọ, ọ̀pọ̀ ni kò ní ọmọ. Bàbá wà lókè, ó dúró gbagidi, ṣùgbọ́n bí a bá wá ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí ọmọ ogún ọdún ní abẹ́ rẹ̀, a kì í rí i. Igi mìíràn tí kì í ga tó bẹ́ẹ̀ ni ó kún abẹ́ wọn. Ilé tí ó bá kún fún arúgbó tí kò sí ọmọdé níbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ yóò béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Jones gbẹ́ ilẹ̀. Ó bá èédú nínú erùpẹ̀, ó sì bá àpáàdì. Ó wá parí èrò sí i pé igbó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ẹgàn jẹ́ oko nígbà kan, àti pé àwọn igi gíga wọ̀nyí jẹ́ ìran tí ó hù nígbà tí àwọn àgbẹ̀ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Láti mọ ìdí tí èrò yìí fi bá ọgbọ́n mu, ó yẹ kí a mọ ìwà àwọn igi náà. Àràbà, ìrókò àti arère kì í ṣe ọmọ òjìji. Òwú ni ó bo èso àràbà, afẹ́fẹ́ ni í sì í gbé e lọ. Ìrókò ní tirẹ̀, àdán ni í jẹ èso rẹ̀ tí í sì í tú irúgbìn rẹ̀ ká. Irúgbìn tí ó bá bọ́ sí abẹ́ igbó tí ó ṣú lè hù, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kú, nítorí pé oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ó bá mọ́lẹ̀ ni ó ń fẹ́: ibi tí igi ńlá wó sí, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Àgbẹ̀ Yorùbá tí ó bá ti rí bí arère ti ń hù ní ìgbòrò tí a kò ro fún ọdún mẹ́ta kò nílò ìwé láti mọ èyí. Nítorí náà, bí àràbà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó kan, tí gbogbo wọn sì dà bí ẹgbẹ́ ara wọn, ó ní ìgbà kan tí oòrùn tàn dé ilẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ó wá jẹ́ ẹ̀rín, tàbí ẹ̀dùn, ni pé àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti ìjọba náà ti ń bá àìsí ọmọ igi yìí jà láìmọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti 1944 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní àwọn igbó gúúsù Nàìjíríà: wọ́n á gé ìtàkùn, wọ́n á fi májèlé pa àwọn igi kéékèèké tí kò níye lórí lọ́jà, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ọmọ igi tí wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n tó gé àwọn ńlá fún gẹdú. Wọ́n fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàkùn ni ó kọ́kọ́ rí i lò. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń lọ sópin, wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ tí kò ní in lọ́kàn láti gbin igi gẹdú kankan ti ṣe ohun tí ìmọ̀ ìjọba kò lè ṣe, nítorí pé wọ́n ro ilẹ̀ dáadáa, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà pípẹ́ mélòó? Jones rò pé ọ̀rúndún méjì tàbí mẹ́ta ni. Ní ọdún 1999, ọdún kan náà tí Okomu di ọgbà ìjọba àpapọ̀, Lee White àti John Oates tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n rí i pé èédú àti àpáàdì náà kò mọ sí ibi tí Jones gbẹ́ nìkan. Wọ́n tàn kálẹ̀ lábẹ́ igbó náà. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ka ọjọ́ orí èédú, ó súnmọ́ 700 ọdún. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, nígbà tí Ifẹ̀ ń rọ orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò lónìí, èéfín oko ń gòkè ní Okomu. Obìnrin ń gbé ìkòkò ka iná níbi tí àràbà dúró sí nísinsìnyí.

Kò sí ohun tí ó yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu púpọ̀ nínú èyí, nítorí pé Ìjẹ̀bú ní ohun tí ó jọ ọ́. Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà tí ó yí agbègbè Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó jìn dé ìwọ̀n 20 mítà ní ibòmíràn, inú igbó ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, Patrick Darling sì sọ ọ́ di ohun tí ayé gbọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ẹni tí ó bá dúró nínú yàrà náà, tí igi bo ọ̀run mọ́ ọn lórí, tí omi sì ń kán lára ògiri amọ̀, lè sọ pé ẹgàn ni òun wà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye apẹ̀rẹ̀ erùpẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi orí rù jáde láti ibẹ̀. A kì í wa irú yàrà bẹ́ẹ̀ ní ibi tí kò sí ènìyàn púpọ̀ àti oúnjẹ púpọ̀. Ní ilẹ̀ Ìbíní pẹ̀lú, odi amọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní iya so mọ́ra wọn gba inú igbó àti oko kọjá, ní ọ̀nà tí ó jìn ju èyí tí ojú lè ká. Ní Amazon ti Brazil, ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá wà lábẹ́ igbó, tí èédú àti àpáàdì kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó gbé ibẹ̀ kí àwọn Potogí tó dé.

Ìdí tí àwọn ará Okomu fi kúrò ni àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àwọn kan tọ́ka sí ogun. Ìlú Udo wà nítòsí igbó náà, ìlú àtijọ́ tí ó bá Ìbíní du ipò, tí ìtàn sì sọ pé Ọba Esigie bá arákùnrin rẹ̀ Aruanran jà nítorí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16. Ogun náà lè sọ ilẹ̀ dahoro, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí èédú bá tọ́, ó dé lẹ́yìn tí igbó ti ń hù. Ní ọ̀rúndún yìí, Gérard Chouin àti àwọn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti mú èrò mìíràn wá: pé àjàkálẹ̀ àrùn tí ó pa àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Íjíbítì láàárín ọ̀rúndún 14 lè ti dé ilẹ̀ igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé ní ìgbà náà gan-an ni àwọn ìlú olódi kan ní ilẹ̀ Ghana di ahoro. Èrò tí ó ń mú ọkàn gbọ̀n ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì kún ọwọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ ọ́ bí ẹni tí ó bá wọn débẹ̀.

Ìtàn Okomu ní ìdajì kejì, tí ìwé ìjọba wà fún. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbíní, tí wọ́n fi iná sun ún, tí wọ́n sì gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òfin igbó dé, ẹni tí a sì fi ṣe olórí iṣẹ́ náà ní gúúsù Nàìjíríà, H. N. Thompson, láti ilẹ̀ Burma ni ó ti wá, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń fi òfin ṣọ́ igbó gẹdú. Ní 1912 ni wọ́n kéde Okomu ní igbó tí a yà sọ́tọ̀. Àwọn ará Yorùbá ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní igbó ọba. Orúkọ náà ní ẹ̀gún nínú fún ti Okomu: ní 1912, kò sí ọba kankan lórí ìtẹ́ Ìbíní. Ovonramwen ṣì wà ní ìgbèkùn, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1914, kí a tó fi ọmọ rẹ̀ Eweka Kejì jẹ ní ọdún kan náà. Ọba tí ó ni igbó ọba náà wà ní Lọ́ńdọ́nù.

Èrò tí ó wà nídìí ìyàsọ́tọ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Igbó tí ó ṣú bẹ́ẹ̀, tí ilé kò sí nínú rẹ̀, ni a kà sí ilẹ̀ tí kò ní ìtàn, tí a lè fa ìlà yí ká lórí ìwé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju ìwọ̀nba lọ. Àpáàdì tí Jones rí ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn náà ta ko èrò náà pátápátá. Ó dára kí a sọ ibi tí ẹ̀rí náà dé, kí a má sì sọ ọ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sọ ilé kan tàbí ẹbí kan di onílẹ̀ Okomu. Ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní 700 ọdún sẹ́yìn kò fi orúkọ àrólé rẹ̀ sára ìkòkò. Ohun tí ó bàjẹ́ ni àwáwí pé ilẹ̀ náà ṣófo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ó sì yẹ kí a jẹ́wọ́ pé bí kì í bá ṣe ìlà tí wọ́n fà ní 1912, bóyá àràbà kan kò bá tí ṣẹ́ kù níbẹ̀ lónìí. Igbó ọba náà tó 1,200 kìlómítà onígun mẹ́rin nígbà tí ó tóbi tán. Wọ́n kò yà á sọ́tọ̀ kí a máa wò ó. Gẹdú ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Àwọn agégẹdú wọ̀ ọ́, odò sì gbé ìtì igi lọ sí Sapele, níbi tí ilé-iṣẹ́ UAC ti ń là á. Àwọn orúkọ Yorùbá bí ìrókò àti ìdígbò wọ ìwé àwọn oníṣòwò pákó ní Lọ́ńdọ́nù àti Liverpool nígbà náà, wọ́n sì ń lò wọ́n títí di òní láìmọ ẹni tí ó ni èdè. Ní 1976 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ kan nínú igbó náà. Ilẹ̀ tí a yọ fún un jẹ́ 15,580 hẹ́kítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 156 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì di ti aládàáni nígbà tí ó yá. Oko rọ́bà náà wà ní àyíká. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Pius Anadu àti John Oates, Oates kan náà tí a ti dárúkọ, yẹ àwọn igbó gúúsù wò nítorí ọ̀bọ ọlọ́fun funfun, tí wọ́n sì kìlọ̀ pé ohun tí ó kù ti kéré. Láti inú ìkìlọ̀ yìí ni ibi ààbò kékeré kan ti jáde ní àárín àwọn ọdún náà, èyí tí a fẹ̀ lójú tí ó sì di ọgbà ti 1999. Bí a bá fi ọgbà náà wé oko ọ̀pẹ kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọgbà fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ.

Níbí ni ìtàn àpáàdì ti di ohun tí a ń fi ẹnu jà lé lórí. Bí igbó bá ti jẹ́ oko rí tí ó sì tún di igbó, kí ni ó burú bí a bá tún sọ ọ́ di oko? Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu agégẹdú, ó sì dùn lẹ́nu ẹni tí ó ń wá ilẹ̀ ọ̀pẹ. Ó tilẹ̀ ń jáde lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tí ń gbé inú igbó ọba náà, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí iṣẹ́ gẹdú gbé débẹ̀, tí a sì ń lé bí olè nígbà tí ẹ̀ṣọ́ igbó bá dé. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀, nítorí pé ìṣú àti gbágùúdá ni wọ́n ń wá, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹjọ́ wọn kan náà mọ́ ti ẹni tí ó ní katakata.

Ṣùgbọ́n èrò náà fi ohun mẹ́ta sílẹ̀. Àgbẹ̀ ìgbà náà fi ọkọ́ àti iná ṣiṣẹ́. Kùkùté wà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò wà láàyè, igi tí ó bá wù ú kí ó fi sílẹ̀ fún ibòji ṣì dúró. Oko ọ̀pẹ òde òní ń fa kùkùté tu. Èkejì, nígbà tí àwọn ará Okomu lọ, igbó mìíràn yí wọn ká láti Ìjẹ̀bú dé etí Odò Ọya, irúgbìn sì ń bọ̀ láti ọ̀nà gbogbo, pẹ̀lú àdán àti erin àti àkàlàmàgbò tí ń gbé e kiri. Lónìí ọgbà náà dà bí erékùṣù nínú òkun ọ̀pẹ àti rọ́bà. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́. Ìjọba kì í pé ọdún mẹ́wàá lórí ìlànà kan, ilé-iṣẹ́ kì í sì í dúró kí ìtì igi ogún ọdún di ogójì. Ta ni yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún 700 ọdún?

Àwọn tí ń tọ́jú ọgbà náà ní ìṣòro tiwọn tí odi àti ìbọn kò lè yanjú. Àwọn igi tí àlejò ń wá wò ti di arúgbó. Bí ìjì bá wó ọ̀kan, àyè ṣí sílẹ̀, oòrùn dé ilẹ̀, ìtàkùn sì gorí ohun gbogbo kí ọmọ àràbà tó yọjú. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án rárá, àwọn igi òjìji ni yóò jogún Okomu díẹ̀díẹ̀. Yóò ṣì jẹ́ igbó, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ igbó àwọn òmìrán. Àwọn onímọ̀ kan ti ń béèrè bóyá a níláti máa la ojú ilẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀ nínú rẹ̀, bí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ti ṣe, kí àràbà àti ìrókò lè ní ibi tí wọn yóò hù sí. Òfin ọgbà kò fi àyè sílẹ̀ fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Òfin náà gbà pé ẹgàn ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí èso àràbà bá là, òwú rẹ̀ a máa já láti òkè, afẹ́fẹ́ a sì gbé e. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ́ sínú òkùnkùn abẹ́ igbó, sórí erùpẹ̀ tí èédú wà nínú rẹ̀. Ìyókù a máa fò kọjá ààlà ọgbà, sí ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa láàárín ìlà ọ̀pẹ, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ro oko.